Ọjà Àsìkò Lórí Fóònù: Kíkó Pamọ́, Àsansílẹ̀, Àròóbọ̀ àbí Ẹ̀dínwó?

Bí Iléyá bá ti ku oṣù méjì, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ọkàn àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram: ṣé kí n kó ọjà sílé, àbí kí n dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ sanwó? Bí Kérésì bá ń bọ̀, ìbéèrè náà á tún padà dé, Black Friday, ọjọ́ ẹ̀dínwó oṣù kọkànlá, á sì dá tirẹ̀ kún un. Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kékeré ń gbà jẹ àsìkò. Àwọn kan ń kó ọjà pamọ́ kí ó tó wọ́n. Àwọn kan ń gba owó àsansílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pre-order, kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Àwọn kan ń ṣe àròóbọ̀: àwòrán ọjà ẹlòmíì ni wọ́n fi ń polówó, tí oníbàárà bá sanwó tán ni wọ́n ń lọ gbé e. Àwọn yòókù gbára lé ẹ̀dínwó. Mo fẹ́ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ẹni tó yẹ kó ṣe àròóbọ̀ ni mò ń rí tó ń yáwó kó ọjà, ẹni tó sì ti tó ẹni tó ń kó ọjà ṣì ń jẹ èrè ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré lórí aṣọ kan.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni stóò rẹ̀. Owó òkòwò rẹ̀ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, inú àpò kan náà ni wọ́n wà. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣì lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé àwọn ewu tí mò ń sá fún lè máà ká yín lára.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ọdún bá mọ́, èló ni wọn yóò ra ọjà yìí? Mo gbé e ṣáájú owó, mo gbé e ṣáájú èrè, nítorí òun ló ń pinnu gbogbo ìyókù. Ankara tí kò tà ní Iléyá yóò rí ẹni rà á ní oṣù kejìlá. Bàtà ọmọdé náà kò ní kú, bó tilẹ̀ lè pẹ́ nílé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí wọ́n kọ "Eid Mubarak" àti ọdún sí láyà, ta ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Fìlà pupa Kérésì ńkọ́? Dàbínù tí ẹ kó sílé fún ààwẹ̀ ní ọjọ́ ìbàjẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pín ọjà yín sí méjì: èyí tí àsìkò ń bá lọ pátápátá, àti èyí tí àsìkò kàn ń mú kó yá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó. Èló ni yóò há, fún ọ̀sẹ̀ mélòó, ti ta sì ni? Owó àjọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àti owó tí ẹ yá lórí ápù fóònù kì í ṣe ẹgbẹ́. Ti àjọ kò ní èlé; ti ápù ń bí èlé bí ẹ bá sùn, ó ń bí i bí ẹ bá jí. Ẹ̀kẹta ni ìdánilójú: ṣé ọjà yóò dé ọwọ́ oníbàárà kí ọjọ́ tó pé? Aṣọ ọdún tó dé lẹ́yìn ọdún, ìjà ló gbé dání. Ẹ̀kẹrin ni ara yín fúnra yín. Olùkọ́ tó ń jáde ní aago méjì ọ̀sán àti ìyá tó ní ọmọ ọwọ́ kò lè máa wọ ọjà Balógun l'Ékòó lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀nà ìtajà kan tó yọ̀ǹda yín lọ́wọ́ òtítọ́ yìí.

Ẹ wo déètì kí ẹ tó wo ọjà

Kérésì kì í yẹ̀. Black Friday náà ní ìlànà: Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá ni, ìyẹn ọjọ́ kejì ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 2026, ọjọ́ 27 oṣù náà ló bọ́ sí. Ọdún àwọn Mùsùlùmí ni kì í dúró. Ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá 2024. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni ti 2025. Òpin oṣù karùn-ún ni ti 2026, ti 2027 yóò sì wà ní nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún.

Ohun tí èyí ń ṣe fún ọjà pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù tán ni Iléyá dé. Ní 2027, bí ó bá bọ́ sí àárín oṣù, owó oṣù karùn-ún kò ní tíì wọlé. Owó oṣù kẹrin ni wọn yóò fi ra aṣọ ọmọ, òun náà ni wọn yóò sì fi dá owó àgbò. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún ni ọjà gidi. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 12 kó tó gbé ọjà síta, "màá padà wá" ni yóò máa gbọ́. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ fàlà sí ọjọ́ owó oṣù tó ṣáájú ọdún kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni kí ìpolówó yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùpá tún wà níbẹ̀. Fún Iléyá, láti ìgbà tí Sultan Sókótó bá ti kéde òṣùpá, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ìtúnu Ààwẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an la máa ń mọ̀. Ọjọ́ tó lè yá jù ni kí ẹ fi ṣe òpin gbígba ọ́dà. Bí ọdún bá wá fi ọjọ́ kan pẹ́, ẹ kàn sinmi ni.

Aṣọ yáàdì àti aṣọ tí wọ́n ti rán kò sì ní àsìkò kan náà. Yáàdì gbọ́dọ̀ tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ọdún, kí télọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bọ́tìnì nìkan ló kù. Aṣọ ọmọdé tí wọ́n ti rán, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ló máa ń yá jù, nítorí télọ̀ ti já ọ̀pọ̀ ìyá kulẹ̀ nígbà yẹn. (Ó yẹ kí àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé máa ra ẹ̀bùn Kérésì fún télọ̀.) Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé tí àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ti yan aṣọ. Ẹni tó bá ń polówó léèsì àti aṣọ òkè fún wọn ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ẹni tí aṣọ rẹ̀ sọnù nìkan ló lè rà á.

Kíkó ọjà pamọ́

Ọ̀nà àwọn ìyá wa nìyí. Ẹ rà á nígbà tí ọjà kò tíì gbóná, ẹ kó o sílé, ẹ tà á nígbà tí gbogbo ayé ń wá a. Owó tí ẹ fi rà á kéré. Ẹ rí àyè yan àwọ̀ àti ìwọ̀n. Àwòrán tí ẹ gbé síta, ti ọjà tó wà lọ́wọ́ yín ni, ẹ sì lè ya fídíò rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ní kí ẹ fi inú rẹ̀ han òun. Bí ó bá sanwó láàárọ̀, dísípáàṣì lè gbé e fún un kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ọdún, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè bá èyí dọ́gba ní ti ìdánilójú.

Ibi tó ti ń dùn ni ibẹ̀ náà ló ti ń ro, ìyẹn ohun tó bá ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kí ẹ wá fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ kó ogójì aṣọ ọmọdé ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦360,000. Ẹ ń tà á ní ₦14,000. Èyí tí ọdún bá ré kọjá lórí rẹ̀, ẹ lù ú ní gbànjo ní ₦6,000. Bí gbogbo ogójì bá tà kí ọdún tó dé, èrè jẹ́ ₦200,000. Bí méjìdínlọ́gbọ̀n bá tà, tí méjìlá lọ ní gbànjo, èrè jẹ́ ₦104,000. Bí ogún bá tà, ₦40,000. Bí ó bá jẹ́ méjìlá péré ló tà, ẹ ti pàdánù ₦24,000.

Ní báyìí, ẹ fi àròóbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ ti ń jẹ ₦2,000 péré lórí aṣọ kan náà láìfi kọ́bọ̀ yín sí i. Ogójì jẹ́ ₦80,000. Méjìdínlọ́gbọ̀n jẹ́ ₦56,000. Ogún jẹ́ ₦40,000. Méjìlá jẹ́ ₦24,000. Ẹ rí i pé ní ogún, ìyẹn ìdajì ọjà, ọ̀nà méjèèjì pàdé. Bí ẹ bá lè tà ju ìdajì lọ, kíkó pamọ́ ló borí, ó sì borí dáadáa. Bí ẹ kò bá tó ìdajì, ẹni tí kò ra nǹkan kan ló jẹ èrè jù yín lọ. N kò sì tíì ka owó ọ̀rá, dátà, ìpolówó àti èlé mọ́ ọn. Ẹni tó fi owó èlé kó ogójì aṣọ gbọ́dọ̀ tà ju ìdajì lọ dáadáa kó tó lè sọ pé òun bá aláròóbọ̀ dọ́gba.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ máa tà ju ìdajì lọ? Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ èṣí. Kì í ṣe iye àwọn tó béèrè "how much", bí kò ṣe iye àwọn tó sanwó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta iye náà ni kí ẹ kó sílé, kí ẹ fi àròóbọ̀ dí èyí tó kù. Bí ẹ kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, mo lè sọ ọ́ gbangba pé ẹ kò tíì tó ẹni tó ń kó ọjà pamọ́, bó ti wù kí owó wà lọ́wọ́ yín tó.

Ẹ tún rántí ibi tí ẹ ó kó o sí. Inú òjò ni Iléyá wà ní ọdún wọ̀nyí. Aṣọ tí ẹ bá dì sínú ọ̀rá mọ́ ògiri tó ń lami yóò máa rùn kí ọdún tó dé. Bàtà tí kì í ṣe awọ gidi máa ń bó bí ó bá pẹ́ nínú ooru. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni ìyọnu mìíràn: àwọn tó wà láàárín ló máa ń kọ́kọ́ tán, ẹ óò wá jókòó ti èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù. Ẹni tó bá ń ta àpò, fìlà, gèlè tàbí yáàdì bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu yìí, ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ń kó ọjà pamọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ mú ohun tí kò ní ìwọ̀n.

Àsansílẹ̀

Níbí, oníbàárà ló ń dá owó òkòwò yín. Ẹ gbé àwòrán síta, wọ́n san gbogbo owó tàbí ìdajì, ẹ wá fi owó náà ra ọjà. Ohun tó máa ń ṣẹ́kù kò tó nǹkan, owó yín kò há. Tí ẹ bá wo ìyẹn nìkan, ẹ óò rò pé òun ló dára jù.

Ọjọ́ ló ń pa á. Ọjà Guangzhou tàbí Yiwu ní Ṣáínà tó gba orí omi lè lo oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó jáde ní èbúté. Èyí tó bá gba ojú òfuurufú lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn ará Ṣáínà sì ní ọdún tiwọn. Ọdún Tuntun wọn bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kejì ní 2026, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kejì ní 2027. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ á ti lọ sí abúlé wọn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò sì ní padà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ wá wo Ìtúnu Ààwẹ̀ 2027, tí yóò wà ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹta. Ẹni tó bá ń gba owó àsansílẹ̀ ní òpin oṣù kìíní fún ọdún náà, ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Fún Kérésì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n tún máa ń ti ilẹ̀kùn. Kí ọ́dà orí omi ti jáde ṣáájú rẹ̀, kódà kó ti jáde ní oṣù kẹjọ.

Owó náírà náà kì í dúró de oníbàárà. Ní oṣù kẹfà 2023, kí Báǹkì Àpapọ̀ tó dẹ okùn rẹ̀, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn ní náírà, tó ń dúró kí ọ́dà pé ogún kí ó tó san ti Ṣáínà, àpò ara rẹ̀ ló ti fi kún un. Bí ẹ bá máa ṣe àsansílẹ̀ ọjà òkèèrè, ọjọ́ tí owó wọlé ni kí ẹ san án fún ẹni tó ń tajà fún yín, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé iye owó yìí dúró fún ọjọ́ méjì péré.

Àwọn kan rò pé "no refund" tí wọ́n kọ sójú ìwé Instagram wọn ti parí ọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ọ́dà tó ti ṣe sílẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ìrònú mu ni ọlọ́jà lè yọ nínú owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ná gbogbo owó àsansílẹ̀ tán.

Ibi tí àsansílẹ̀ ti dára gan-an, ilé ni. Adìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, aṣọ òkè láti Ìṣẹ́yìn, bàtà láti Aba: ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é, ẹ lè pè é, ẹ lè wọ mọ́tò lọ bá a. Kò sí dọ́là nínú rẹ̀, kò sí èbúté. Oníbàárà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe máa ń gba àkókò, kò ní máa bínú pé kò dé lọ́la. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston, tí wọ́n ti mọ ọjọ́ ìgbéyàwó láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn gan-an ni àsansílẹ̀ bá lára mu. Ẹ kàn fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ tí aláṣọ òkè bá dá fún yín kí ẹ tó sọ ọ́ fún oníbàárà.

Àròóbọ̀

Mo ti fi ìṣirò rẹ̀ hàn lókè, n kò ní pẹ́ níbí. Ẹ wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ọlọ́jà ńlá ní Balógun, Ìdúmọ̀tà tàbí Gbàgí n'Ìbàdàn, ẹ ń gbé àwòrán wọn, ẹ ń fi èrè díẹ̀ lé e. Ewu owó kò sí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òwò ní àná lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí, ó sì jẹ́ ọ̀nà tó dára jù láti mọ ohun tí àwọn èèyàn yín fẹ́ kí ẹ tó fi owó lé e.

Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ṣe ń sún mọ́ ni ó ń burú sí i. Àwòrán kan náà wà lórí fóònù ogójì aláròóbọ̀, gbogbo wọn sì ń já owó ara wọn wálẹ̀. Ẹ ti gba owó tán kí ọlọ́jà ńlá tó sọ pé àwọ̀ yẹn ti tán láàárọ̀, tàbí pé owó ti gorí. Ẹ kò rí ọjà náà rí, ẹ kò fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ya, orúkọ yín ló ya. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ pe ọlọ́jà kí ẹ tó fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní ìlú tó jìnnà sí ọjà, tí ọjà ń gba ọwọ́ wáyábìlì kó tó dé, ẹ dáwọ́ àròóbọ̀ dúró ní ọjọ́ márùn-ún kí ọdún tó dé.

Ẹ̀dínwó, èènì àti gbànjo

Black Friday ló kọ́ wa ní eléyìí. Jumia ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe é ní oṣù kọkànlá, Konga sọ tirẹ̀ ní Yakata, ọlọ́jà kékeré náà wá rò pé bí òun kò bá gé owó, òun kò bá ẹgbẹ́ pé. Ẹ padà sí aṣọ ₦14,000 yẹn, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Bí ẹ bá yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ń tà á ní ₦11,200, èrè kù sí ₦2,200. Ẹni tó ti ń ta mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ta mẹ́tàlélógún kí ó tó jẹ iye èrè tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ní mẹ́tàlélógún nílé? Ṣé ọwọ́ yín ká dídì rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fara dà á nítorí ohun mìíràn wà tí oníbàárà yóò rà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní.

Ẹ lo èènì dípò rẹ̀. Bí ẹ bá fi fìlà ọmọdé tó jẹ́ ₦700 kún aṣọ náà láìgé owó, èrè yín ṣì jẹ́ ₦4,300. Méjìlá péré ni ẹ ó tà kí ẹ tó bá ti tẹ́lẹ̀. Oníbàárà wa mọ adùn èènì ju ìdá inú ọgọ́rùn-ún lọ, iye owó ọjà yín kò sì bàjẹ́: ẹni tó rà á ní ₦11,200 ní oṣù kọkànlá kò ní san ₦14,000 mọ́ ní oṣù kejìlá. Ẹ má sì gbé owó sókè lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ lè gé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn oníbàárà ń ya àwòrán ojú fóònù wọn pamọ́.

Dídì lẹ́bùn náà jẹ́ irú èènì kan. Agbọ̀n Kérésì tí ọmọ tó wà lókè òkun ń rà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ n'Ìbàdàn, kì í ṣe iye owó ìrẹsì inú rẹ̀ ló ń wò, bí kò ṣe bóyá yóò dé àti bóyá ẹ óò ya fídíò ìyá náà ránṣẹ́. Ẹ ṣọ́ déètì wọn pẹ̀lú: ọjọ́ Àìkú àwọn ìyá ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń bọ́ sí Àìkú kẹrin nínú Lẹ́ńtì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ Àìkú kejì oṣù karùn-ún. Àǹfààní méjì nìyẹn fún agbọ̀n kan náà.

Gbànjo ní àyè tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún. Ohun tí àsìkò ti bá lọ, ẹ lù ú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò yẹ kí fìlà Kérésì wà nílé yín ní oṣù kejì. Ẹ mọ̀ pé oṣù kìíní máa ń gùn, nítorí ọ̀pọ̀ ti gba owó oṣù kejìlá kí Kérésì tó dé, wọ́n sì ti ná an. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ló kàn. Nítorí náà, láàárín Kérésì sí ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni kí ẹ ṣe é.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ní èṣí, kó ṣe àròóbọ̀ ní ọdún kan gbáko, láti Ìtúnu Ààwẹ̀ dé Kérésì, kó máa kọ ohun tó tà àti ọjọ́ tó tà á. Ẹni tó ti ní àkọsílẹ̀, tí owó rẹ̀ kì í ṣe ti èlé, tó ń ta yáàdì, gèlè, àpò tàbí ohun tí kì í kú lẹ́yìn ọdún, kíkó pamọ́ ni tirẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àsansílẹ̀ tàn án. Àpò ilé-ẹ̀kọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti ike omi fún ìwọlé oṣù kẹsàn-án wà nínú ìsọ̀rí yìí: èyí tó bá ṣẹ́kù yóò tà ní oṣù kìíní.

Ẹni tó ń ta ohun tí a fi ọwọ́ ṣe nílé, tàbí tí oníbàárà rẹ̀ wà lókè òkun, kó gba àsansílẹ̀. Ẹni tó ń mú ọjà láti Ṣáínà lè gbà á pẹ̀lú, bí ó bá lè sanwó lọ́jọ́ náà, tó sì lè sọ fún oníbàárà pé "kò ní bá ọdún yìí" nígbà tí kò bá ní bá a. Òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí olùkọ́ tí kò ráyè, kó mú ọjà kan ṣoṣo, kó kó díẹ̀ sílé, kó fi èènì tà á ní ọ̀sẹ̀ owó oṣù, kó fi Black Friday sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹni tí ọjà rẹ̀ ní orúkọ ọdún lára, ẹ̀wù tí a kọ nǹkan sí, káàdì, fìlà pupa, kò ní ọ̀nà méjì: àsansílẹ̀ nìkan, owó pípé, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ níbí. Fún Kérésì, kó ti ọ́dà pa ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, kó má sì tẹ ẹyọ kan lé e fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.